Àlàfo Mọ́kànlá, Eyín Méjìlá

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń kọjá níwájú ilé wa ní Bẹ́yẹrunkà ló máa ń bi mí pé, "Bàbá, ṣé iṣẹ́ mẹkáníìkì yìí dára?" Bí mo bá ní ó dára, wọ́n á wo èékánná mi tí dúdú ọ́ìlì kò kúrò nínú rẹ̀ mọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ní kò dára, irọ́ ni mo pa, nítorí iṣẹ́ náà ló fẹ́yàwó fún mi, òun ló sì rán àwọn ọmọ mi lọ sí ilé ìwé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ bó ti rí, kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ lè mọ ohun tó ń tọrùn bọ̀. Ẹ má retí pé n ó ka owó fún yín o. Nígbà míì ó ń wọlé, nígbà míì kì í wọlé, ṣùgbọ́n ebi kò pa wá sùn.

Aránṣọ ni bàbá mi. Ó fẹ́ kí n jókòó ti òun nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ṣùgbọ́n títú ni mo máa ń tú ẹ̀rọ náà bó bá ti yíjú sẹ́yìn. Lẹ́ẹ̀kẹta tí mo tú u, mo tò ó padà tán, nọ́ọ̀tì kan ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi, n kò sì mọ ibi tí mo ti yọ ọ́. Bàbá mi wo nọ́ọ̀tì náà, ó wo ojú mi, ó ní, "Ìwọ tó o mọ nǹkan án tú, jẹ́ kí n mú ọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n tò." Bí mo ṣe dé ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Lámídì ní Bẹẹrẹ nìyẹn.

Ọ̀gá Lámídì kúrú, wọ́n sì rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Fìlà wọn kì í kúrò lórí wọn, kódà bí wọ́n bá wà lábẹ́ ọkọ̀. Wọn kì í na ènìyàn, wọn kì í sì í bú ènìyàn. Bí inú bá bí wọn, ńṣe ni ohùn wọn máa ń lọ sílẹ̀, débi pé èèyàn ní láti súnmọ́ wọn kó tó gbọ́ ohun tí wọ́n fi ń bá a wí. Bó o bá de nọ́ọ̀tì kan tí kò fún dáadáa, wọ́n á tú gbogbo èyí tó o ti dè láti òwúrọ̀, wọ́n á dà á sínú agolo kan, wọ́n á gbé e fún ọ, wọ́n á sì lọ kírun. Mo sunkún nídìí agolo yẹn ju ẹni tí wọ́n nà lẹ́gba lọ.

Odidi ọdún kan ni n kò fi fọwọ́ kan sípánà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fọ irin, kí n sì máa gbọ́. Wọ́n ní sukudíráfà gígùn kan tí èèkù rẹ̀ jẹ́ igi. Wọ́n á gbé ẹnu rẹ̀ lé ara ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, wọ́n á ní kí n fi èèkù rẹ̀ ti etí.

"Kí lo gbọ́?"

"Ó ń ké, sà."

"Ewúrẹ́ náà ń ké. Mo ní kí lo gbọ́?"

Ó tó ọdún kan kí n tó lè sọ fún wọn pé fáàfù ló ń ké, kì í ṣe bíárìn. Lọ́jọ́ náà, wọn kò yìn mí. Wọ́n kàn ní kí n lọ mú sípánà wá, mo sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé gíà tí ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí, kó má baà dà bíi pé mo ń dá sọ̀rọ̀. Ọ̀pá kan wà nínú ẹ́ńjìnnì tí à ń pè ní kámúṣáàfù. Òun ló ń ṣí fáàfù, òun ló sì ń jẹ́ kó padé, kí epo àti afẹ́fẹ́ lè wọlé, kí èéfín sì jáde. Gíà ńlá kan wà lórí ọ̀pá yìí, eyín rẹ̀ wọnú eyín gíà kékeré tó wà lórí ọ̀pá ìsàlẹ̀. Bí ti ìsàlẹ̀ bá yí lẹ́ẹ̀mejì, ti òkè á yí lẹ́ẹ̀kan. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayé ìgbà yẹn, irin kọ́ ni wọ́n fi ṣe eyín gíà ńlá náà. Fáíbà ni, ohun kan tó le bí igi ìrókò, kí ẹ́ńjìnnì má baà máa pariwo. Kò sóhun tó ṣe é nígbà tó bá wà ní tuntun. Bó bá wá gbó, tí ooru ti sè é fún ọdún púpọ̀, eyín rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ká bí eyín arúgbó.

Ọkọ̀ tí gíà rẹ̀ bá ká eyín kì í ṣàìsàn, kíkú ló máa ń kú lójijì. Ẹ ó yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa yí, kò ní gbéra. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, wọ́n á máa fẹnu fẹ́ kabúrétọ̀, ilẹ̀ á ṣú. Ọ̀gá Lámídì kì í bá wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á tú ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì, wọ́n á ní kí ẹnì kan máa yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, àwọn á wá tẹjú mọ́ apá irin tó ń tẹ fáàfù. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí nísàlẹ̀, tí apá náà dúró gbagidi lókè, wọ́n á nu ọwọ́ wọn, wọ́n á ní, "Akáyín ni. Ẹ tú iwájú rẹ̀."

Bí ẹ bá tú iwájú rẹ̀ tán, iṣẹ́ tó kù dà bí ohun tó rọrùn. Ẹ ó yọ gíà tó bàjẹ́, ẹ ó fi tuntun sí i, ẹ ó sì rí i dájú pé àmì kékeré tó wà lára gíà òkè dojú kọ àmì tó wà lára ti ìsàlẹ̀. Bó bá fi eyín kan ṣoṣo yẹ̀, ọkọ̀ á máa rìn bí ẹni tó wọ bàtà òdì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni ọ̀gá mi ti ń le jù. Ibi tí wọ́n ti ń le ni eyín tó ti ká. Inú sọ́mpù, ìyẹn agbada tí ọ́ìlì ń gbé nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ni gbogbo rẹ̀ máa ń já bọ́ sí. Tí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù síbẹ̀, ó lè lọ dí ẹnu páìpù tó ń fa ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì á sì gbẹ, á kú pátápátá.

Nítorí náà, òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wa tí n kò bá ní ibòmíì. A ó ka àlàfo tó wà lára gíà tó bàjẹ́. A ó fọ sọ́mpù, a ó fi aṣọ sẹ́ ọ́ìlì rẹ̀, a ó máa ṣa eyín náà sínú abọ́ tánganran funfun kan, lọ́kọ̀ọ̀kan. Iye àlàfo ni iye eyín. Bí kò bá tíì pé, a kì í pa ẹ́ńjìnnì dé, ì báà jẹ́ ọkọ̀ ọba. Kódà bó bá pé, abọ́ náà kì í kúrò lórí pẹpẹ títí ọkọ̀ náà á fi rìn fún oṣù kan. Bí a bá ti wá a wá a tí a ń kùn, ọ̀gá á ní, "Eyín tí a kò rí ń bẹ níbì kan."

Òfin kejì ni ti ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù ni ẹ̀gbọ́n gbogbo ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló ń kọ́kọ́ fọwọ́, òun ló ń kọ́kọ́ mú ẹran, àbúrò kì í sì í ta kò ó lójú ọ̀gá. Òun náà ló ń ka eyín gbẹ̀yìn. Ọ̀gá kì í kà á mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n kàn máa ń bi í pé, "Ó pé?" Bó bá ní ó pé, ó ti pé nìyẹn.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n nígbà tí Jímọ̀ dé. Mo fi bí ọdún márùn-ún jù ú lọ. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìka ọwọ́ rẹ̀ gùn, ó sì lè fi ìka wá nọ́ọ̀tì tó já sínú òkùnkùn ẹ́ńjìnnì rí láì wò ó. Ọ̀gá máa ń sọ pé ìka Jímọ̀ lójú. Ìyá rẹ̀ ń ta ọṣẹ dúdú ní Ọjà'ba, òun ló sì ń fún wa ní ọṣẹ tí gbogbo wa fi ń fọ ọ́ìlì kúrò lọ́wọ́. Nínú ìwé yìí, mo ń pè é ní Jímọ̀ lásán kí ìtàn lè yé yín. Bí a bá wà níta, n kò jẹ́ dán an wò, ẹ ó sì mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n gba fíríídọ̀mù, ìyẹn òmìnira iṣẹ́ ọwọ́. Bàbá mi ti rán aṣọ tí n ó wọ̀ lọ́jọ́ náà, ó ti gbé e kọ́. Ní àkókò yẹn ni takisí Bàbá Àlíyà kú sí wa lọ́wọ́. Ará Oníyanrìn ni bàbá yìí, ọkọ̀ kan ṣoṣo yìí ni ó fi ń jẹun, kò sì ní òmíràn. Akáyín ni. A tú iwájú rẹ̀, a ka àlàfo: mọ́kànlá. Jímọ̀ fọ sọ́mpù, ó sẹ́ ọ́ìlì, ó ṣa eyín sínú abọ́: mẹ́wàá. A wá ẹyọ kan tó kù láti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ títí di ọ̀sán ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Bàbá Àlíyà ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń mí kanlẹ̀. Ọ̀gá ń múra mọ́ṣáláṣí, wọ́n ní, "Kí n tó dé, kí ẹ ti rí i o."

Nígbà tí Jímọ̀ tẹ̀lé wọn lọ kírun, èmi nìkan ló kù. Mo wo abọ́ náà. Mo rò ó pé ẹyọ kan péré ni, pé bóyá ó ti lọ̀ kúnná. Mo rò ó pé ọ̀gá á ní n kò tíì tó ẹni tó ń gba fíríídọ̀mù bí mi ò bá lè rí eyín kan. Àwọn gíà àlòkù wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa. Mo lọ síbẹ̀, mo fi ẹ̀mú ṣẹ́ eyín kan lára ọ̀kan nínú wọn, mo rì í bọ ọ́ìlì, mo sì jù ú sínú abọ́.

Nígbà tí Jímọ̀ dé, ó ní, "Háà, ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti rí i?"

Mo ní, "Ara aṣọ tá a fi sẹ́ ọ́ìlì ni."

Inú rẹ̀ dùn. Ọ̀gá náà dé, wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní, "Múfútàú, ó pé?"

Mo ní, "Ó pé, sà."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi kò tó ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá Àlíyà kó èrò, ó ń gun òkè Màpó, ẹ́ńjìnnì ké lẹ́ẹ̀kan, ó sì gan. Àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀, wọ́n bá a ti ọkọ̀ náà wá sí Bẹẹrẹ. Ọ̀gá fúnra wọn ni wọ́n sọ sọ́mpù kalẹ̀. Gbogbo bíárìn tó gbé ọ̀pá ìsàlẹ̀ dúró ti yọ́. Wọ́n na ọwọ́ sí ẹnu páìpù ọ́ìlì, wọ́n fa eyín gíà kan jáde. Wọ́n dìde, wọ́n lọ gbé abọ́ tánganran lórí pẹpẹ, wọ́n jù ú sí i, wọ́n sì ka gbogbo rẹ̀ síta lójú wa. Méjìlá.

Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀ gan-an. "Àlàfo mọ́kànlá, eyín méjìlá. Irú gíà wo ló ń hu eyín?"

Wọ́n kọjú sí wa.

"Ta ló fọ sọ́mpù yìí? Ta ló ṣa eyín rẹ̀?"

Jímọ̀ ní, "Èmi ni, sà." Ó sì wò mí. Kò wò mí tìbínú-tìbínú. Ó kàn ń wò mí bí àbúrò ti ń wo ẹ̀gbọ́n pé kó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, orí ọmọ tuntun wọ́ lójú mi, mo sì ń wo ilẹ̀.

Ọ̀gá ní, "Jímọ̀, bọ́ aṣọ iṣẹ́ yẹn. Máa lọ sílé yín." Jímọ̀ bọ́ ọ, ó fi kọ́ ìṣó, ó dọ̀bálẹ̀, ó lọ. Bó bá la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ kan, mo ti parí. Kò sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí títí di òní, pé ó bọ̀wọ̀ fún òfin tí èmi fi pa á.

Bàbá Àlíyà jókòó lórí òkúta níwájú ṣọ́ọ̀bù. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Lámídì, ẹ̀yin náà?" Ọ̀gá mi ṣí fìlà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí orí wọn nìyẹn, gbogbo rẹ̀ ti funfun. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ọ́ìlì fún ẹni tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní ká yọ ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ àwọn fúnra wọn, ká gbé e sínú takisí náà. Ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ràn bí ojú ni. A gbé e lé orí bíríkì níwájú ṣọ́ọ̀bù, kò ní nǹkan kan nínú mọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Aṣọ iṣẹ́ Jímọ̀ wà lórí ìṣó, bí mo bá yíjú síhìn-ín, òun ni mo ń rí. Ní ọjọ́ kẹrin, ìyá rẹ̀ dé láti Ọjà'ba, ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ewé. Mo rò pé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ló ń lọ. Ọ̀dọ̀ mi ló wá. Ó kúnlẹ̀.

"Múfú, ọmọ mi, ìwọ lẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbí. Bá mi bẹ ọ̀gá yín. Ọmọ náà ò jẹun, kò sì sọ nǹkan tó ṣe fún mi. Tó bá jẹ́ pé ó jalè, sọ fún mi."

Kí àgbàlagbà kúnlẹ̀ fún mi! Èmi náà kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, mo sì pariwo kí ọ̀gá lè gbọ́ níbi tí wọ́n wà lábẹ́ ọkọ̀. "Jímọ̀ ò ṣe nǹkan kan! Èmi ni! Èmi ni mo ṣẹ́ eyín kejìlá!"

Ìyá Jímọ̀ wò mí títí. Kò bú mi, kò ṣépè. Ó ní, "Ọṣẹ mi lo sì fi ń fọwọ́, Múfú."

Ọ̀gá jáde wá. Mo retí pé wọ́n á lé mi, mo sì ti gbà bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn mi. Wọ́n bẹ ìyá náà kó dìde, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún òun náà, wọ́n ní kó lọ rán Jímọ̀ wá. Nígbà tí Jímọ̀ dé, wọ́n pe gbogbo ṣọ́ọ̀bù jọ. Wọ́n ní, "Múfútàú, ipò ẹ̀gbọ́n lo fi bo ara rẹ. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ, mo gbé e fún Jímọ̀. Láti òní lọ, òun ni ẹ̀gbọ́n rẹ, níbí àti níta. Èmi ò ní dá a padà fún ọ. Bí Jímọ̀ bá fẹ́ lọ́jọ́ kan, òun ni kó dá a padà." Wọ́n nawọ́ sí ẹ́ńjìnnì tó gan nílẹ̀. "Ní ti èyí, ìwọ lo pa á, ìwọ lo máa jí i. Ọjọ́ tó bá ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ mi tí n kò gbọ́ ariwo, ọjọ́ náà lo gba fíríídọ̀mù."

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, nígbà tí omi ìfọwọ́ dé, mo dúró sẹ́yìn. Jímọ̀ ló kọ́kọ́ fọwọ́. Kò lè wojú mi. Mo ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n," nígbà tó gbé omi sún mọ́ mi. Ó gba oṣù púpọ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó rọ̀ mí lẹ́nu.

Ó lé ní ọdún kan tí mo fi jí ẹ́ńjìnnì náà. Mo gbé ọ̀pá ìsàlẹ̀ rẹ̀ lérí lọ sí Òkè-Àdó fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ha irin, mo gbé e bọ̀, mo tún gbé e padà. Gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni mo ń fọ ọkọ̀ tó wà lórí bíríkì, àwọn tó ń kọjá á ní, "Mẹkáníìkì tí ò lè tún ọkọ̀ ọ̀gá ẹ̀ ṣe." Mo sin Jímọ̀ lọ gba fíríídọ̀mù ṣáájú tèmi, èmi ni mo bu omi fún àlejò. Aṣọ tí bàbá mi rán kò tiẹ̀ gbà mí mọ́ nígbà tí ọjọ́ tèmi dé. Lọ́jọ́ náà, ẹ́ńjìnnì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá gbé sukudíráfà gígùn lé e, wọ́n fi èèkù rẹ̀ ti etí, wọ́n di ojú wọn. Wọ́n ní, "Kò ké." Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kàwé yìí, bí mo bá ní ọ̀gá mi kò le, mo parọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún yẹn, mi ò rí ẹ́ńjìnnì tí mo bẹ̀rù mọ́. Gbogbo ohun tó lè bàjẹ́ nínú rẹ̀ ni ọwọ́ mi ti kàn.

Mo dá dúró ní Bẹ́yẹrunkà fún ọdún mélòó kan. Nígbà tí Ọlọ́run pe ọ̀gá wa, wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún Jímọ̀. Ọjọ́ kẹjọ tí a sìnkú, Jímọ̀ wá bá mi nílé. Ó ní, "Múfú, ṣọ́ọ̀bù yẹn fẹ̀ jù fún èmi nìkan. Gbé irin ẹ wá." Mo gbé e lọ, a ò sì yà mọ́ láti ọjọ́ náà, ó ti lé ní ogójì ọdún. Èmi ń ka eyín, òun ń kà á gbẹ̀yìn. Kò fi ipò náà jẹ mí níyà rí. Kò sì dá a padà. N kò béèrè, nítorí ohun tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ nù kì í ṣe ohun tó ń fi ẹnu béèrè.

Irinṣẹ́ wá ń yí padà. Gíà oní-fáíbà di gíà onírin, onírin di ṣéènì, ṣéènì di bẹ́líìtì rọ́bà nínú àwọn ọkọ̀ míì. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà kékeré dé, tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ sitiarín. Wàsíù, àkọ́bí Jímọ̀, ló kọ́kọ́ gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù wa. Mo bú u. Mo ní ẹni tí kò létí ló ń wá ẹ̀rọ tó máa bá a gbọ́. Ọkọ̀ kan dé tó ń gbọ̀n, mo fi sukudíráfà gbọ́ ọ, mo ní fáàfù ni. Kọ̀ǹpútà Wàsíù ní wáyà kan ló já. A tú fáàfù fún ọjọ́ méjì nítorí àgídí mi. Wáyà ló já. Mo bẹ Wàsíù, mo sì ní kó fi ohun náà hàn mí. Etí mi ti ń kú, kí n má parọ́ fún yín.

Lọ́dún tó kọjá, Mama Tíṣà, obìnrin onítẹ̀bọmi kan láti Òkè Bọ́lá tó ti fẹ̀yìn tì, ní kí wọ́n fa ọkọ̀ àtijọ́ kan wá bá wa. Ti ọkọ rẹ̀ tó ti kú ni, ó sì ń fi í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi. Wàsíù wá ibi tó máa ki kọ̀ǹpútà rẹ̀ bọ̀, kò rí. Jímọ̀ ní kí ó yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà. Èmi ń wo apá fáàfù: ó dúró gbagidi. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà, a ní, "Akáyín!"

Mo ti sọ fún àwọn ọmọ mi pé n ó fẹ̀yìn tì lọ́dún yẹn, mo sì ní èyí ni n ó fi parí. A rí gíà tuntun níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ àtijọ́. Mo gbé e wọlé, àmì kan àmì. Àlàfo tó wà lára ti àtijọ́ jẹ́ méje. Wàsíù fọ sọ́mpù, ó ṣa eyín sínú abọ́ tánganran, abọ́ ọ̀gá wa náà ni, ara rẹ̀ ti họ. Ó gbé e fún mi kí n kà á, kí n tó gbé e fún bàbá rẹ̀ bí a ti máa ń ṣe.

Jímọ̀ kò na ọwọ́. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú láti bí ọdún méjì, dókítà sì ti ní kó wá ṣe iṣẹ́ abẹ. Mo rò pé kò rí abọ́ náà ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa kà á gbẹ̀yìn."

Mo wẹ̀yìn láti wo ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn mi.

Mo gbé abọ́ náà lé orúnkún mi, mo fi ìka tò wọ́n, mo kà wọ́n. Mo tún wọn kà. Mẹ́fà ni. Mama Tíṣà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì wà lápá rẹ̀. Wàsíù rọra sọ fún mi pé, "Bàbá, ẹyọ kan péré ni. Mama ti ń dúró tipẹ́. Kò lè ṣe nǹkan kan." Jímọ̀ ń wo ìhà ọ̀dọ̀ mi. Ó ń wò mí bó ti wò mí lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó bọ́ aṣọ iṣẹ́.

Mo ní, "Kò pé. Ó ku ẹyọ kan."

Jímọ̀ mí kanlẹ̀, bí ẹni tó ti gbé ẹrù fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Eyín tí a kò rí ń bẹ níbì kan." A bẹ Mama Tíṣà pé kó jókòó. Wàsíù fẹ́ bá wa wọ abẹ́ ọkọ̀, bàbá rẹ̀ ní rárá, ẹní ni kó tẹ́ fún wa. Àwa arúgbó méjèèjì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí ìgbà tí ọ̀gá ń wò wá. Èmi di iná mú, Jímọ̀ di ojú rẹ̀, ó ki ìka rẹ̀ gígùn bọ ibi tí iná kò dé, ó ń tọ́ ọ káàkiri. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fa ọwọ́ jáde, ó sì fi nǹkan kékeré kan sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Ó pé, ẹ̀gbọ́n?"

Mo ní, "Ó pé." Lọ́jọ́ náà ni mo fi sípánà sílẹ̀.